Ṣòkòtò Tó Gba Tọkọtaya

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣòkòtò náà gba Ó-bá-a-mu, ẹsẹ̀ òsì gba ìyàwó rẹ̀, àyè sì tún ṣẹ́ kù láàárín àwọn méjèèjì tí ọmọ ọwọ́ lè sùn sí. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣòkòtò mi rèé o!" Ó-bá-a-mu, télọ̀ àdúgbò, gbá etí ṣòkòtò mú kó má baà já bọ́. "Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, èmi nìkan ni mò ń kún un! Ìyá wọn, rẹ́rìn-ín sí wọn."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì ní ohùn ìsàlẹ̀. "Ẹ ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Èmi? Ìgbà wo?"

Kò ráyè gbọ́ èsì. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́.

Wọ́n ń pè é ní Ó-bá-a-mu nítorí pé kò sí aṣọ tó rán rí, ìbáà máa fún oníbàárà lọ́rùn pa, tí kì í sọ pé "Ó bá a mu!" Ogún ọdún ló ti fi ń fi téèpù yí ìdí àwọn ará àdúgbò po, ogún ọdún náà ni wọ́n sì ti fi ń fi ikùn tirẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ikùn-ló-ṣáájú. Ó ní bí télọ̀ bá fẹ́ wọlé, ikùn á ti kí ará ilé tán kí olówó rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Oṣù kẹta rèé tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń wá sí gbọ̀ngàn àdúgbò láti la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ nípa àtọ̀gbẹ: bí a ṣe ń jẹun níwọ̀n, bí a ṣe ń fẹsẹ̀ rìn, bí a ṣe ń dín ṣúgà kù. Lónìí, wọ́n fẹ́ yan ẹnì kan láàárín ará àdúgbò tí yóò máa gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojúlé. Báàjì wà níbẹ̀ fún un. Ó-bá-a-mu fẹ́ báàjì yẹn bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàtà tuntun. Ó ti mọ ibi tí yóò fi há a sí láyà, ní iwájú Káfíńtà gan-an.

"Ẹ bi mí ní ohun tí mo ṣe!" ó pariwo.

"Kí lẹ ṣe?"

"Omi! Mò ń mu omi bí ẹni tó gbé iná mì! Kẹ́ẹ̀gì kan kì í bá mi dé ọ̀sán!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan lára àwọn nọ́ọ̀sì, ọmọbìnrin tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

"Ọ̀rá yẹn ń yọ́, ó ń bá ìtọ̀ lọ! Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń dìde lóru. Ìyá wọn, àbí mo parọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà," ni ìyàwó rẹ̀ sọ. "Ẹ kì í jẹ́ kí n sùn."

Ẹ̀rín tún sọ. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì dúró lófuurufú, ọ̀kan ò kan èkejì mọ́.

"Mi ò sì febi pa ara mi o! Mò ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ mò ń fọn sí i. Méjìlélógójì ni ìdí mi tẹ́lẹ̀, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni lónìí. Téèpù kì í parọ́!"

"Ikùn-ló-ṣáájú," Káfíńtà kígbe láti ẹ̀yìn, "ikùn ẹ ti fìdí rẹmi!"

Ẹni kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín, òun ló sì ń gun orí pèpéle bọ̀.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti yẹ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín wò láàárọ̀ yìí?"

"Èmi kẹ̀? Àwọn tó sanra ni kí ẹ yẹ̀ wò, ọmọ mi. Èmi ni àpẹẹrẹ."

"Ẹ jẹ́ ká ti orí àpẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀."

Ó na ìka sí i tìrera-tìrera. Ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, kí ló fẹ́ máa bẹ̀rù lára abẹ́rẹ́? Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré náà, ó wò ó, ó pààrọ̀ ìka, ó tún un ṣe.

"Èló ló pè?" Ó-bá-a-mu bi í.

"Kò pe iye kankan, bàbá. Ó ga ju ibi tí ẹ̀rọ lè kà dé. Bí ìgbà tí téèpù bá tán kó tó yí oníbàárà po." Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ yín, ara ò rí i lò. Ara wá ń jẹ ara. Ohun tó mú kí ẹ rù nìyẹn. Àárẹ̀ ni, kì í ṣe àṣeyọrí. Ilé ìwòsàn ti yá báyìí. Ẹ jókòó kí n wo ẹsẹ̀ yín kí ọkọ̀ tó dé."

"Ẹsẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Àmọ́ ó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ náà jókòó, nítorí wọ́n ṣì wà nínú ṣòkòtò kan náà. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà ọ̀tún rẹ̀, ó mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. "Ẹ dijú. Bí mo bá ti fi kàn yín ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ó-bá-a-mu dijú, ó sì rẹ́rìn-ín. Èyí rọrùn. Òun tó lè fi ìka lásán mọ òwú mẹ́fà yàtọ̀ síra nínú òkùnkùn? Ó dúró. Ó tún dúró.

"Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi."

"Mo ti parí, bàbá."

Ó lajú. Ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà òsì, ìyàwó rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ rí i.

"Yéè!"

Orí pínnì ló ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, búlúù bí ojú ọmọláńgidi. Ìyókù wà nínú ẹran.

Ó-bá-a-mu mọ pínnì yẹn. Ọjọ́ Ajé ló ṣí páálí olórí búlúù, aṣọ kan ṣoṣo ló fi mú, nígbà tó sì kó wọn padà, ọ̀kan dín. Ó ní yóò yọjú. Òní ni Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ẹsẹ̀ yìí tẹ máṣíìnì. Ó fi gun àtẹ̀gùn, ó fi jó wọ gbọ̀ngàn yìí láàárọ̀. Wọ́n ní ẹni tí ẹ̀gún gún ní í ṣe lákáǹlàkà tọ alábẹ́rẹ́ lọ. Òun ni ó gún, òun náà ni alábẹ́rẹ́, kò sì ṣe lákáǹlàkà kankan.

Ní ọ̀sán, Káfíńtà bá wọn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti yọ pínnì, wọ́n ti di ẹsẹ̀ òsì, omi sì ń kán wọ apá Ó-bá-a-mu láti inú ọ̀rá tí wọ́n fi kọ́. Dókítà ní kò ní í lọlé lónìí. Ó ní ṣúgà ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ nǹkan lára mọ́, pé ó tètè dé ọwọ́ àwọn, àmọ́ àyẹ̀wò ojoojúmọ́ ni láti ìsinsìnyí lọ, àti oògùn, àti oúnjẹ tó níwọ̀n. Káfíńtà dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kò rí orúkọ yẹ̀yẹ́ kankan pè.

"Nígbà tí wọ́n gbé ẹ lọ," ó sọ níkẹyìn, "gbogbo gbọ̀ngàn ló bọ́ bàtà. Gbogbo wa pátá. Òórùn yẹn, ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè ròyìn ẹ̀. Gbogbo wa la sì tò fún ẹ̀rọ yẹn." Ó ki ọwọ́ bàpò. "Nọ́ọ̀sì ní kí n fún ẹ. Ó ní wàá wá sọ ìyókù fún wọn lóṣù tó ń bọ̀."

Báàjì ni. Ó gbé e sórí ìrọ̀rí, ó sì yára jáde kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ̀.

Ó ku tọkọtaya. Ìyàwó rẹ̀ sún lọ sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Bàbá wọn, ẹ dijú."

Ó dijú. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, ó rò ó. Kò fẹ́ kí ẹ̀rù máa ba obìnrin náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n lára."

"Mi ò tíì fọwọ́ kàn yín."

Ó lajú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, ó bọ́ lẹ́nu òun náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.

"Ó tó," ìyàwó rẹ̀ sọ, ó nu ojú. "Ẹ má rán irọ́ kankan fún mi. Òótọ́ ni kí ẹ sọ."

Ó tún dijú. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pa ẹnu mọ́. Ó gbọ́ tí àga rẹ̀ dún, ó gbọ́ èémí rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan lára, kò sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ó pẹ́. Ìgbà tó ṣe, nǹkan kan rìn wá láti ọ̀nà jíjìn, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ní ojúlé kejì, lẹ́bàá gìgísẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn," ó sọ jẹ́jẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ìka obìnrin náà wà. Kò sì gbé e kúrò.