Ìyá Ọkọ Inú Dúró Dè Mí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ Nusaybah sí mi létí. Ọ̀rẹ́ tí mo finú hàn ló gbé ọ̀rọ̀ mi sórí Yútúùbù, ó ní òun ń ṣe lámèyítọ́ ìwé. Lámèyítọ́ kọ́, olófòófó ni!

Èmi àti ẹ̀ la jọ ń ka Dúró Dè Mí, ìtàn ìfẹ́ aláwòrán àwọn ará Kòríà, lórí fóònù. Bí apá tuntun bá ti jáde, á wá láti Ìbàfò sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ rírán mi ní Lotto, ní Mòwé. Harin lorúkọ ọmọbìnrin inú ẹ̀. Àfẹ́sọ́nà ẹ̀ rìnrìn àjò, kò padà, Harin wá ń tọ́jú ìyá ọkùnrin náà bí ìyàwó ilé. Àwọn lámèyítọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lórí ìtàn yìí. Àwọn kan ní àwòrán ẹ̀ dára débi pé bí òjò bá ń rọ̀ níbẹ̀, wàá fẹ́ wá agbòjò. Àwọn kan ní òmùgọ̀ ni Harin, pé ta ló tún ń dúró de ọkùnrin láyé òde òní. Èmi ń gbèjà ẹ̀ débi tí mo máa ń gbàgbé aṣọ oníbàárà sórí máṣínì.

Lọ́jọ́ kan Nusaybah ní, “Tòún, kí ló kàn ẹ́ nínú ọ̀rọ̀ Harin tó o fi ń bínú tó báyìí?”

Mo bá tú kẹ́kẹ́ ọ̀rọ̀. Ayọ̀wálé, tí ẹbí ẹ̀ ti wá bá wa ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìwó kó tó lọ sí Kánádà, ti pè mí pé kí n má dúró de òun mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀rọ̀ náà má gbé wọn ṣubú. Àti pé, kí n má parọ́, mi ò fẹ́ kí ilé yẹn bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo Sátidé ni mò ń lọ bá wọn fọṣọ ní Ìfọ̀, tí mò ń se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. “Ìyá Kòfó” ni wọ́n ń pè mí, torí Kòfowórọlá, orúkọ ìyá wọn, ni wọ́n ní àwọn máa sọ àkọ́bí mi. Bí wọ́n bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn ará àdúgbò, orí mi á wú.

Nusaybah ní, “Wàláì, ó kú sí mi nínú.”

Ó kú sí i nínú lóòótọ́! Ìgbà tó yá, Hameedah, oníbàárà mi, gbé fóònù wọlé. “Àǹtí Tòún, ṣé ẹ ti rí èyí?” Nusaybah rèé, ó kun àtíkè, ẹnu ẹ̀ ń dún.

“Mo mọ ọmọbìnrin kan ní Lotto. Ọkọ ti kọ̀ ọ́, àmọ́ gbogbo Sátidé ló ń lọ fọṣọ ìyá ọkọ ní Ìfọ̀. Harin gidi! Gbogbo ẹ̀yin lámèyítọ́, ẹ̀ ń bú Harin, ẹ̀ ń bú ọkùnrin ẹ̀. Ẹ wo ìyá yẹn! Bí Harin bá ti dárúkọ ọmọ ẹ̀, á kọjú sí ìkòkò. Gbogbo ìgbà ni ayàwòrán ń yà á bẹ́ẹ̀. Ìyá yẹn ti mọ̀!”

Mo pè é.

“Mi ò kúkú dárúkọ ẹ,” ó ní.

“Lotto mélòó ló wà láyé, Nusaybah?”

Ó ní kí n má bínú, pé àwọn èèyàn ń gbádùn fídíò náà gan-an. Mo gé fóònù mọ́ ọn létí.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo forí lé Ìfọ̀, kí Màámi, ìyá Ayọ̀wálé, tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí mo ṣe ń sọ̀ nínú ọkọ̀ kan ni mò ń wọ òmíràn, àdúrà ni mò ń gbà kí ẹ̀jẹ̀ wọn má ru. Mo bá wọn nídìí ààrò, wọ́n ń se ẹ̀wà.

“Ìyá Kòfó! Òní kì í ṣe Sátidé.”

Mo kúnlẹ̀. “Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ayọ̀wálé ti ní òun ò fẹ́ mi mọ́. Ó ti pẹ́. Èmi ni mò ń fi pamọ́ fún yín.”

Mò ń retí igbe. Mo ti na ọwọ́ kí n lè dì wọ́n mú. Màámi kọjú sí ìkòkò, wọ́n ń fi ṣíbí ro ẹ̀wà tí kò tíì jinná.

“Màámi, ṣé ẹ gbọ́ mi?”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ ti mọ̀?”

“Ọmọ mi ni,” wọ́n ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀. “Kí ni kí n ṣe? Ìwọ náà mọ bó o ṣe ń tọ́jú mi. Bí mo bá sọ fún ẹ, ṣé wàá tún máa wá?”

Háà! Èmi tí mò ń sáré bọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn! Inú bí mi débi tí omi ò lè jáde lójú mi.

Fóònù wọn dún lórí àpótí. Wọ́n na ọwọ́ sí i, àmọ́ ọwọ́ tèmi ló yá jù. Ayọ̀wálé ni orúkọ tó wà lójú ẹ̀, ìpè fídíò ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Obìnrin kan tí mi ò rí rí gbé ọmọ tuntun síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín kó tó wo ẹni tó gbé fóònù.

“Màámi, ẹ wá wo Kòfowórọlá yín! Ó ti ń rẹ́rìn-ín!”

Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀. Mo na fóònù sí wọn.

“Ẹ gbà, Màámi. Ìyá Kòfó ń pè yín.”