Áàpù Sákíìtì Tí Kò Lẹ́wà

Kí Fìrdáúsì tó ti ibi iṣẹ́ délé, ara rẹ̀ á ti rọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ iná ni ní iléèwé iṣẹ́-ọwọ́ kan lẹ́yìn GRA, òun náà ló sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ ní agboolé wọn nítòsí Ọjà-Ọba. Á fún ìyá lóògùn, á yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, á kírun Àsárì, ìgbà náà ni á tó gbé láàpútọ́ọ̀pù lé itan.

Ọ̀rọ̀ áàpù ló gbé iṣẹ́ àfikún yìí kọ́ ọ lọ́rùn. Irú áàpù kan wà tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń to sákíìtì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà, lójú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iná á tàn tàbí nǹkan á jó, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojúlówó. Èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ayédèrú ni, ó sì kó fáírọ́ọ̀sì wọ gbogbo kọ̀ǹpútà iléèwé. Lẹ́yìn tí wọ́n fọ ìyẹn mọ́ tán, ọ̀gá iléèwé, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, ní ayédèrú parí. Kí Fìrdáúsì wá èyí tí agbára wọ́n ká.

Ó wá a títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Owó èyí tó dára ju agbára wọn lọ fíìfíì. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣí láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ mélòó nínú àwọn ọmọ náà ló ń rí dátà rà? Òmíràn ṣí, àmọ́ ń ṣe ló ń wọ́ bí ìgbín.

"Kí lo ń wá nínú nǹkan yẹn látọjọ́ yìí?" ìyá rẹ̀ bi í láti orí ibùsùn.

"Áàpù tí àwọn ọmọ máa fi kọ́ṣẹ́ ni, Ìyá."

"Wọn ò lè fi wáyà kọ́ ọ ni?"

"Wáyà nìkan kọ́. Tí wọ́n bá so ó lódì, ó jóná nìyẹn. A ò sì rí òmíràn rà."

"Ìwọ náà á jóná báyìí. Fẹ̀yìn lélẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ̀yìn lélẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abdulwaris, tó ń ta áàpù fún àwọn iléèwé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Táíwò Road, wá síléèwé wọn. Lójú láàpútọ́ọ̀pù tirẹ̀, ọjà tó gbé wá ń dán gbinrin. Gúlóòbù inú rẹ̀ ń tàn bí òótọ́, fáànù ń yí. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì sún àga rẹ̀ síwájú.

"Bí àwọn òbí bá rí eléyìí, wọ́n á mọ̀ pé a ń ṣiṣẹ́," ó ní. "A lè fi díẹ̀ kún owó iléèwé."

Orí ń fọ́ Fìrdáúsì. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà tán lọ́rùn rẹ̀, ó di ilé. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọmọ tí wọ́n ń lé lọ sílé torí owó ń wá sí i lọ́kàn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó sọ fún Abdulwaris, "ẹ bá wa ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tiwa."

Wọ́n jọ lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Áàpù náà ń ṣí, ó ń ṣí, kò ṣí tán. Nígbà tó yá, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

"Kọ̀ǹpútà yín ló gbó, mà. Ẹ ra tuntun."

"Eléyìí náà la ní, sà."

Fìrdáúsì tún kọ̀ǹpútà náà tàn, ó sì ṣí áàpù kékeré kan tó rí lánàá tó sì ti fi sórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kò sì bèèrè íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú rẹ̀ dúdú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ló dípò wáyà, gúlóòbù rẹ̀ ò ju òbìrìkìtì lásán lọ. Ṣùgbọ́n kíá ló ṣí.

"Kò lẹ́wà o," ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì wí.

"Kò lẹ́wà, sà, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣí lórí fóònù pẹ̀lú."

"Kò ní ìlànà kankan nínú. Ta ni yóò kọ èyí tí àwọn ọmọ á máa tẹ̀lé?" ọ̀gá iléèwé bèèrè.

"Èmi náà ni, sà," ni Fìrdáúsì wá wí, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Abdulwaris pa láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Kò bínú. "Ọ̀fẹ́ náà lówó tiẹ̀ o, mà," ó ní.

Títí sáà ẹ̀kọ́ yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ìyá rẹ̀ ló ti ń kọ ìlànà náà, ẹ̀kọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Kò sẹ́ni tó bi í bó ṣe ń lọ.

Lọ́jọ́ kan, iná lọ láàárín ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ mú fóònù jáde, ẹni mẹ́ta sídìí ẹyọ kan. Nabeelah, ọmọbìnrin tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, nawọ́ sókè.

"Mà, tèmi ò tàn."

Fìrdáúsì bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Fìka tọ ọ̀nà tí iná ń gbà. Ibo ló ti dúró?"

Nabeelah fìka tọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó yí ohun kan padà. Òbìrìkìtì náà di yẹ́lò. "Ó tàn," ó ní wẹ́rẹ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í to òmíràn.

Ẹ̀kọ́ tó kàn ò sí nínú áàpù náà rárá. Ara pátákó ni Fìrdáúsì máa yà á sí, bí ó ṣe máa ń ṣe látẹ̀yìnwá. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó wo pátákó náà, ó sì rọra fa àga kan jókòó, ó fẹ̀yìn tì í.

"Ẹ máa ṣe é lọ," ó ní. "Mò ń bọ̀."