Hikmat àti Ọkọ̀ Onígbòkun

Ọ̀rọ̀ tí Alhaji Abdulganiyu fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ ló di ẹrù sí Rídwàn ọmọ rẹ̀ lọ́rùn. Hikmat, àbúrò Rídwàn, ń tọrọ àyè láti lọ sí káǹpù àwọn asáré ní Ìlọrin. Lukman, àbúrò Alhaji tó ń tu ọkọ̀ onígbòkun lórí ọ̀sà l'Ékòó, wà lórí fóònù. Ó ní eré ẹsẹ̀ kì í ṣe eré, eré tí afẹ́fẹ́ bá ń gbé leré.

"Ó dáa," ni Alhaji wí. "Bí Hikmat bá sáré ju ọkọ̀ Lukman, kó máa lọ."

Ta ló ní kó sọ ọ́ létí Rídwàn, ẹni tí àdììtú kì í jẹ́ kó sùn? Rídwàn wá áàpù tó ń ka bí eré ṣe yá tó, ó fi ránṣẹ́ sí Lukman. Láàárọ̀ Sátidé, ó tan tiwọn látilé, ó de fóònù mọ́ Hikmat lápá, wọ́n sì gun ọ̀kadà lọ sí pápá ní Ọ̀fà, ìlú wọn.

Lọ́sàn-án, èsì Lukman dé, ibi tí eré rẹ̀ yá dé: kìlómítà méjìdínláàádọ́ta ní wákàtí kan. Ti Hikmat jẹ́ mọ́kàndínláàádọ́ta. Hikmat bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú báàgì.

Ọkàn Rídwàn ò balẹ̀. Kò tíì sí ènìyàn kan tó sá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo àwòrán ọ̀nà tí áàpù yà. Ibi tí eré Hikmat ti ga jù kì í ṣe pápá, títì ẹ̀yìn stéṣọ̀n rélùwéè ni. Ti Lukman wà lórí ọ̀sà lóòótọ́, àmọ́ orí afárá ni. Ó pè é.

"Búọ̀dá, ìgbà wo lẹ tan áàpù yẹn?"

"Látilé ni. Ṣé o ní kí n pa á ni?"

"Bọ́ọ̀sì ló kà fún yín."

"Ṣebí bọ́ọ̀sì náà ló gbé mi dé ìdí ọkọ̀. Kí ló kù?"

Rídwàn gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni wo ọbẹ̀ tó kan. Ọ̀kadà Ọ̀fà àti bọ́ọ̀sì Èkó ni wọ́n ti ń fi wéra látàárọ̀.

Hikmat dí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ panu dé."

"Bí wọ́n bá wá wọn eré rẹ n'Ílọrin ńkọ́?"

Rídwàn sọ fún bàbá wọn. Alhaji ní, "Eré rẹ̀ gan-an wá ńkọ́?" Rídwàn ò mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé: afẹ́fẹ́ lè ti ọkọ̀ fún wákàtí, èémí asáré kì í pẹ́ tán, fóònù ò sì...

"Daddy," ni Hikmat wí, "ẹ ò tíì wò mí níbi tí mo ti ń sáré rí, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fóònù ni gbogbo yín ń wò."

Alhaji fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.

Ní pápá, Rídwàn tún fa fóònù yọ. Bàbá rẹ̀ gbà á, ó tì í bọ àpò. Hikmat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbéra. Kí Alhaji tó tún fìlà ṣe, ọmọ ti kọjá, eruku ló kù.

Alhaji yíjú sí Rídwàn. "Lọ́la, kó máa lọ."

"Daddy, ẹ jẹ́ kó tún eré náà sá, kí n lè mọ iye tó jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi."

"Ó wà lápò mi. Lọ bá wa pe ọ̀kadà."