Sílípáàsì Inú Ilé Ìdáná

"Ẹ má dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, Ìyá," ni Poonkodi wí. "Ṣebí ilé yín náà ni. Ẹ wọlé."

Visalam wo ilẹ̀ ilé ìdáná náà, kò wọlé. Omi ti ta sílẹ̀ láti ìdí síǹkì dé ẹnu ọ̀nà, ọmọbìnrin náà sì fi ẹsẹ̀ lásán dúró sínú rẹ̀, ó ń fọ ìkòkò tí wọ́n fi se wàrà láàárọ̀. Wàrà náà ti hó, ó ti ru dà sílẹ̀, àmì oríire fún ẹni tó ń kó wọ ilé tuntun, ẹbí sì ti yọ̀. Gbogbo bàtà ló wà níta lórí àtẹ̀gùn. Ta ni yóò wọ bàtà wọ ibi tí wọ́n ti ń dáná?

Visalam ni. Ó pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀, Tíṣà Muthaiah, ti ń gbé ilé yìí ní ìlú Dindigul, ní Íńdíà, kí wọ́n tó tà á fún Kathir, ọkọ Poonkodi. Sílípáàsì rọ́bà kì í sì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nídìí síǹkì yẹn. Bí ìyá tó bí i bá rí i, á ní ó ti ya kèfèrí. Ṣùgbọ́n bí pọ́ǹpù tó ń fa omi wá sínú ilé bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán di ẹnu ẹ̀rọ omi mú, iná á gbé e. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á kàn ta á lọ́wọ́ díẹ̀. Nígbà òjò, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì. Wọn ò pe oníná. Sílípáàsì ni wọ́n rà. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó tún pè é ní àléébù mọ́, ó ti di ìṣe ilé. Ọmọ aráyé kúkú lè bá ewu ṣọ̀rẹ́ títí táá fi gbàgbé pé ewu ni.

Wọ́n ti mú iná lọ láti ìdájí. Ìyẹn nìkan ló jẹ́ kí Visalam rí èémí mí.

"Fi ìkòkò yẹn sílẹ̀ ná, wá jókòó tì mí," ó wí.

"Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Ìyá. Bí wọ́n bá ti mú iná dé báyìí, màá tan pọ́ǹpù, màá fi omi tó mọ́ ṣàn án."

Ọjọ́ tí Kathir wá bá wọn sọ̀rọ̀ ilé ni Visalam ń rò. Akẹ́kọ̀ọ́ Muthaiah ni Kathir nígbà kan rí, kò sì tíì lè jókòó dáadáa níwájú rẹ̀ títí dòní. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá ìyàwó mi ní kí n mú oníná wá yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó." Muthaiah ò bínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mú un wá. Mú ọlọ́pàá náà dání." Ojú ti Kathir débi pé ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ olùkọ́ rẹ̀. Àwo kọfí wà lọ́wọ́ Visalam. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ lóòótọ́: "Ọmọ mi, ṣé a jọ ẹni tí iná ti pa lójú ẹ ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ oníná sì parí síbẹ̀. Òun ló parí rẹ̀, kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Pechiammal, ìyá Kathir, yọjú láti pálọ̀. "Ìyàwó Tíṣà, ilé tẹ́ ẹ tà fún wa lẹ wá ń bẹ̀rù? Ẹ wọlé, a ò ní gbowó ibodè."

"Mo wà dáadáa níbí, ẹ̀gbọ́n."

"Awòràwọ̀ ló bá wa yan ọjọ́ òní o. Mo tún pe ẹni tó wo ibi tí ilẹ̀kùn kọjú sí. Kò sóhun tá ò yẹ̀ wò nínú ilé yìí."

"Ṣé ẹ pe oníná?"

"Kó wá ṣe kí ni? Ṣé gílóòbù ò tàn ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí àwọn àlejò tó ń jẹun.

Visalam rẹ ohùn sílẹ̀. "Poonkodi, ṣé ẹ̀rọ omi yẹn ò tíì ṣe ọ́ ní nǹkan?"

Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìyá ọkọ rẹ̀. "Ó gbọ̀n mí lánàá nígbà tá à ń fọ ilẹ̀. Apá yìí ò tíì bọ̀ sípò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Wọ́n á ní mo ti ń wá àbùkù sílé tá ò tíì sùn nínú rẹ̀."

Ìtìjú bo Visalam látòkè délẹ̀. Ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ dákẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ariwo sọ ní pálọ̀. Fáànù ti ń yí, iná ti dé. Poonkodi na ọwọ́ tí omi ń kán lára rẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń tan pọ́ǹpù. Visalam fò mọ́ ọn, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á jáde kúrò nínú omi.

"Kathir," ó pè, "máa bọ̀ níbí."

Kathir wá. Pechiammal tẹ̀ lé e, Muthaiah náà dé láti ìdí oúnjẹ, ìrẹsì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Iná wà lára ẹ̀rọ omi yìí," Visalam wí. "Ó ti pẹ́. A mọ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo fi ọ̀rọ̀ oníná rẹ ṣe yẹ̀yẹ́."

Muthaiah rẹ́rìn-ín. "Àárò ilé ló ń sọ ìyàwó mi. Ẹ má dá a lóhùn."

Kathir wo olùkọ́ rẹ̀. Visalam rí i lójú rẹ̀ pé ó tún fẹ́ gbà á gbọ́. Visalam bá fi aṣọ nu ọwọ́ ara rẹ̀, ó rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí omi ò dé, ó tan pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, ó sì padà wá di Poonkodi mú. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí kùn lábẹ́ fèrèsé.

"Ó dáa, Bàbá Anbu," ó fi orúkọ ọmọ wọn pe ọkọ rẹ̀. "Ìwọ náà ò wọ bàtà. Lọ bu omi wá fún mi nídìí ẹ̀rọ yẹn kí n mu."

Muthaiah wo omi ilẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ.

"Tíṣà, ẹ kúkú lọ fọ ìrẹsì ọwọ́ yín kúrò níbẹ̀," Pechiammal wí. Kò bá a ṣàwàdà mọ́.

Ọkùnrin náà ò gbẹ́sẹ̀. Ìrẹsì gbẹ mọ́ ọn níka. Nígbà tó sọ̀rọ̀, díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbọ́ ọ.

"Kathir, lọ pa iná ilé ní ìdí mítà."

Kathir lọ. Kò dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, sà." Pọ́ǹpù dákẹ́, fáànù pálọ̀ sì rọra dúró. Poonkodi yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Visalam, ó lọ dúró ti ìyá ọkọ rẹ̀.