Gbogbo Ohun Tó Kéré sí Ọ̀kan

1.

…torí náà kò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu. Kọ̀ǹpútà tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní mú un kún?

ÌKÌLỌ̀: ÀYÈ TI TÁN. Ẹ PA NǸKAN RẸ́ KÍ Ẹ TÓ FI ÒMÍÌ SÍ I.

Ohun tí ẹ̀rọ kọ sójú nìyẹn. Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, Àbíkẹ́yìn ni wọ́n ń pè é nílé, iṣẹ́ títọ́jú kọ̀ǹpútà ló sì ń ṣe jẹun. Ó wá sílé ìyá rẹ̀ láti da àwọn fáìlì kan kọ lọ sílé ara rẹ̀. Ohùn ìyá rẹ̀ ló wà nínú wọn. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbímọ, ó sì fẹ́ kí ọmọ náà máa gbọ́ orin tí wọ́n fi rẹ òun sùn.

2.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀. Mi ò tò ó dáadáa, ẹ máa bá mi fara dà á:

— Tíṣà ni Màámi. Ohùn wọn máa ń dé ẹnu géètì ilé ìwé láìgbé ẹ̀rọ kankan sẹ́nu.

— Àìsàn ọ̀nà ọ̀fun kọ lù wọ́n. Dókítà ní tí wọn ò bá yọ ibi tó ń mú ohùn jáde, ẹ̀mí á bá a lọ.

— Kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, Àbíkẹ́yìn gbààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó jókòó tì wọ́n, ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Orin. Ìtàn. Orúkọ gbogbo ẹbí.

— Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń bá Màámi gbé, ní òun lòun á máa tọ́jú ohùn náà.

— Síléètì ni Màámi fi ń sọ̀rọ̀ báyìí.

3.

Láti ìgbà náà, lórí fóònù, láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá:

«Fọkàn balẹ̀. Ó wà digbí.»

«Mo ṣì yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí. Kò sóhun tó ṣe é.»

«Ìwọ náà ti fẹ́ràn àníyàn jù. Ṣé èmi ni mo máa sọ ohùn ìyá mi nù?»

4.

Ó rò pé kí òun kọ́kọ́ gbá pàǹtírí dànù ná, kí àyè lè yọ. Ó ní kí ẹ̀rọ wá gbogbo fáìlì tí kò tó mẹ́gábáìtì kan:

find . -type f -size -1M

Ẹ̀rọ dáhùn:

./ohun_maami/orin_oorun.wav
./ohun_maami/oruko_wa.wav
./ohun_maami/bi_mo_se_pade_baba_yin.wav
./ohun_maami/adura_fun_abikeyin.wav

Wọ́n ń jáde, wọ́n ń jáde, títí ojú ẹ̀rọ fi kún.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ló ṣì í tẹ̀. Ohùn tí èèyàn fi odidi ọ̀sán sọ, báwo ni kò ṣe ní tó mẹ́gábáìtì kan?

5.

Àṣẹ yẹn ní ẹ̀wẹ́ kan nínú. Ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ó kàn fò ó lọ́kàn ni. Tí wọ́n bá fi mẹ́gábáìtì wọn fáìlì, ẹ̀rọ kì í ka àbọ̀. Bó ti wù kí nǹkan inú ẹ̀ kéré tó, ìbáà jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, odidi ọ̀kan ló máa kà á sí. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ló lè kéré sí ọ̀kan.

Òfo.

6.

[                              ]

7.

Ó tún un tẹ̀, lọ́nà tí kò ní iyèméjì nínú:

find ohun_maami -type f -size 0

Gbogbo wọn tún jáde. Orúkọ wọn pé. Kò sí nǹkan kan nínú wọn.

Fáìlì tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ kì í rí báyìí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá gbogbo wọn. Ẹnìkan ló pa ojúlówó rẹ́, tó wá fi orúkọ lásán rọ́pò, kí ẹni tó bá yọjú wò ó lè rò pé nǹkan ṣì wà ńbẹ̀.

Ó mú fóònù, ó pe Bọ̀dá.

8.

ÀBÍKẸ́YÌN: Bọ̀dá, ibo lẹ wà?

BỌ̀DÁ: Ibi iṣẹ́. Ṣé kò sí o? Àbí ọmọ ti ń bọ̀?

ÀBÍKẸ́YÌN: Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà yín.

BỌ̀DÁ: Kí lo ń ṣe níbẹ̀?

ÀBÍKẸ́YÌN: Ẹ ní ó wà digbí. Léraléra lẹ ń sọ ọ́ fún mi!

BỌ̀DÁ: Gbọ́ mi ná.

ÀBÍKẸ́YÌN: Ẹ tiẹ̀ fara balẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tẹ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àdúrà tí wọ́n gbà fún mi! Ẹ tẹ orúkọ ẹ̀ sórí òfo!

BỌ̀DÁ: Kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

ÀBÍKẸ́YÌN: Ta wá ni?

BỌ̀DÁ: Bi Màámi.

9.

Màámi wà ní pálọ̀, wọ́n ń ká aṣọ. Wọ́n gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa. Wọ́n gbé aṣọ sílẹ̀, wọ́n mú síléètì.

ÈMI NI MO NÍ KÓ PA Á RẸ́.

Wọ́n nù ún. Wọ́n tún kọ:

ẸNI TÓ BÁ TI WÁ KÍ MI, Ẹ̀GBỌ́N RẸ Á GBÉ OHÙN MI SÍ I. WỌ́N Á MÁA SUNKÚN. MO SÌ JÓKÒÓ SÁÀÁRÍN WỌN.

Wọ́n nù ún.

MI Ò TÍÌ KÚ.

10.

“Ẹ ò ṣe wá sọ fún mi?” Àbíkẹ́yìn rọra bi wọ́n.

Rárá. Kò rọra. Ó kígbe ni. Mo fẹ́ bò ó láṣìírí ni.

MO MỌ̀ PÉ O Ò NÍ GBÀ.

“Ọmọ mi ńkọ́? Kí ni mo máa jẹ́ kó gbọ́?”

Màámi na ọwọ́ sí ikùn rẹ̀.

Ó yẹ̀ ẹ́.

11.

Ó padà sídìí ẹ̀rọ. Kò fẹ́ rí ojú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀: láti kékeré, Bọ̀dá kì í lè da nǹkan nù tán.

find /home/boda -type f -name "*.wav" -size +0

Ọ̀kan péré.

/home/boda/.ma_se_fowo_kan/idanwo.wav

12.

Ó ki gbohùngbọ́ bọ etí. Ohun tó gbọ́ rèé:

MÀÁMI: Ṣé ẹ ti tẹ̀ ẹ́? Ẹ pa fáànù yẹn jọ̀ọ́, kò ní jẹ́ kí ohùn mi já gaara.

BỌ̀DÁ: À ń dán an wò ni, Màámi. Ẹ sáà sọ nǹkan.

MÀÁMI: Kí ni kí n sọ? (Ẹ̀rín.) Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe tẹjú mọ́ mi bí ẹni tó fẹ́ sá lọ.

ÀBÍKẸ́YÌN: Ó ti tó, Màámi. À ń gbọ́ yín.

13.

Lórí fóònù, láti ọ̀dọ̀ Bọ̀dá:

«Tó o bá rí èyí tó wà lọ́dọ̀ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ fún Màámi. Wọ́n rò pé mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mo búra fún wọn.»

14.

Nígbà tó gbójú sókè, Màámi ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò mọ ìgbà tí wọ́n débẹ̀. Wọ́n gbé síléètì sáyà.

ṢÉ KÒ ṢẸ́KÙ KANKAN?

Ó wo ojú wọn. Ó wò ó títí, kò sì lè mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló wà níbẹ̀ tàbí ìrètí.

“Kò ṣẹ́kù, Màámi.”

Màámi ò mi orí. Wọn ò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.