Oògùn Àbúrò Lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀ẹ̀mejì ni dókítà béèrè. Ó ní oògùn wo ni obìnrin yìí ń lò nílé?

"Kò lo oògùn kankan o, dókítà," Ọ̀mọ̀ràn dáhùn, ó na àyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. "Èmi ni ọkọ rẹ̀. Kò sóhun tó ń wọ ẹnu rẹ̀ tí mi ò mọ̀."

Ọ̀mọ̀ràn kọ́ lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn obìnrin tó ń ránṣọ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, nítorí kò sí àìsàn tí kò tíì kà nípa rẹ̀ lórí fóònù. Ìyàwó náà ló nà sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹnu ti wọ́ sápá kan, ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń gé aṣọ láti ọdún méjìlá ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí òun náà sì tẹ̀lé e wó lulẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹ̀fun iléeṣẹ́ búrẹ́dì ṣì wà lápá rẹ̀. Òun ló mọ ìdáhùn sí ìbéèrè dókítà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ń bí ọmọ kẹta, ara rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè, gìrì mú un lórí ìkúnlẹ̀, odidi ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé kó má dán ìkẹrin wò. Ọ̀mọ̀ràn gbọ́, ó mi orí. Ṣùgbọ́n kò gbà kó lọ ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí, ó ní òun ti kà á pé ó ń pa obìnrin. Kò gbà láti lo rọ́bà, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Kò sì gbà kí wọ́n ya bẹ́ẹ̀dì. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, àmọ́ ọ̀gbẹ́ni yìí fi oyún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, hóró oògùn ló ń bà á lẹ́rù.

Ni ẹ̀gbọ́n bá tọ àbúrò lọ.

"Ìwọ ń lọ gba oògùn tìẹ nílé ìwòsàn, ọkọ tìẹ ò yọ ẹ́ lẹ́nu. Bá mi gba tèmi mọ́ ọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọn ò ní yẹ ẹ̀yin náà wò ni?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Ṣebí ìyá kan náà ló bí wa."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àbúrò á jókòó níwájú nọ́ọ̀sì, wọ́n á wọn ìfúnpá rẹ̀, á dára bíi ti ọmọ ogún ọdún. Ṣé orí máa ń fọ́ yín gan-an? Rárá. Ṣé ojú yín máa ń kọ mànàmáná? Rárá. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé yín? Ó ronú díẹ̀, ó ní rárá. Òótọ́ ara tirẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, àfi ti ìgbẹ̀yìn yẹn. Á ní òun ń rìnrìn àjò, wọ́n á fún un ní ti oṣù mẹ́fà, á sì pín in sí méjì.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé ẹ̀gbọ́n yìí kò gé aṣọ ẹnikẹ́ni lórí ìwọ̀n ẹlòmíràn rí. Bí ìbejì ló wá sí ṣọ́ọ̀bù, á ní kí ẹnì kejì náà dìde kóun wọ̀n ọ́n. Ara tirẹ̀ nìkan ló fi ìwọ̀n àbúrò gé.

Ká má purọ́, oṣù mẹ́jọ ló fi sùn gbádùn. Inú rírun oṣooṣù rọlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ya lára rẹ̀ dín kù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tí orí wá ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń kọ mànàmáná, ó ní abẹ́rẹ́ lòun ń tẹjú mọ́ jù. Gíláàsì ló lọ rà.

Níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè tú. Bí kò bá sọ ọ́, dókítà á máa tọ́jú ohun tí kò mọ̀.

"Wọ́n ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí," ó ní. "Èmi ni mò ń bá wọn gbà á. Orúkọ mi ló wà lórí káàdì."

Dókítà kò bú u. Ó béèrè irú oògùn tó jẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Oògùn yìí kì í ṣe májèlé," ó ní. "Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń lò ó tí nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Ẹ̀yin gan-an lè máa lo tiyín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí orí ń fọ́ báyẹn, kò yẹ kó fẹnu kàn án. Ká ní ó wá fúnra rẹ̀ ni, òmíràn la ò bá fún un. Lúùpù oníbàbà tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ wà, tí kò ní oògùn nínú rárá. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, a ṣì lè fi sí i. Oyún léwu fún un ju oògùn yìí lọ."

"Ẹ ò ní fi nǹkan kan sí i lára!" Ohùn Ọ̀mọ̀ràn ti gbagbára. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa, ayọ̀ ló wà nínú ẹ̀. "Ṣé mi ò wí? Ṣebí mo ní ó ń pààyàn!"

Kò pẹ́ tó fi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń pe tẹbí tọ̀rẹ́ pé kí wọ́n kìlọ̀ fáwọn ìyàwó wọn. Kò sọ fún ẹnì kankan pé òun ló dínà ilé ìwòsàn mọ́ ìyàwó tòun.

Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Àbúrò ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu nígbà tí ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Àbúrò tẹ́tí. Ọpẹ́ ló ń retí.

"Ta ló ní kó o sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀mí yín ni mo rò."

"Ọkọ mi ti ní kò sí lúùpù. Ilé rẹ̀ náà ni mò ń padà sí." Ọ̀rọ̀ ń jáde ní wẹ́wẹ́, itọ́ ń tẹ̀lé e. "Á tún fún mi lóyún."

"Dókítà ní ìbuwọ́lù yín nìkan ti tó."

"Ọwọ́ wo ni màá fi buwọ́ lù ú? Ta ló máa gbé mi wá?"

Àbúrò ń fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀. 

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń lo tìẹ?"

Àbúrò wá irọ́ tì. Àárọ̀ yẹn náà ló lo ọ̀kan.

"Mò ń lò ó, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí, ó wá yí ojú sí ògiri.