Àwo Ìdílé Àǹtí Hàfúsátù

"Jíjí lo jí i."

Ohùn Àǹtí Hàfúsátù gba inú pálọ̀ kọjá, ó dé ilé ìdáná, ó sì jọ pé ó sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó tó ń gbé nísàlẹ̀. Ọjọ́ Iléyá ni, lọ́dún 1992, ní Rothenburgsort ní Hamburg. Ẹran wà lẹ́nu àwọn àlejò, kò sẹ́ni tó jẹ́ gbé e mì.

"Ẹ tún un sọ, Àǹtí mi," Mọ̀ríámọ̀ wí. "Mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ dáadáa."

"Mo ní o jí i. Àbí kí n fi èdè Jámánì sọ ọ́ fún ẹ ni?"

Mọ̀ríámọ̀ ni ìyàwó Bádárù, Bádárù sì ni àbúrò Àǹtí Hàfúsátù. Láti Berlin ni tọkọtaya náà ti wọ ọkọ̀ ojú irin wá ṣọdún. Bádárù ti fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò tàn.

Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí wà láàárín tábìlì, ọbẹ̀ ata kún inú rẹ̀. Àwo tánganran kan ni, funfun báláú, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi kékeré, ó ní ọwọ́ lẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ yọ síta díẹ̀ níwájú, òdòdó búlúù sì yí i ká. Ìyá arúgbó kan ní Reinickendorf ní Berlin, Frau Lindner, ló fún Mọ̀ríámọ̀ kó tó kú. Mọ̀ríámọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ. Òdòdó gbígbẹ ni ìyá náà máa ń kó sínú àwo yìí lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ tí Mọ̀ríámọ̀ gbà á, tó ní òun á máa fi bu ọbẹ̀, ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Nicht zum Essen," ló wí, kì í ṣe fún oúnjẹ. Mọ̀ríámọ̀ rò pé àwo náà ti níyì ju kí èèyàn fi jẹun lọ ni. Òun náà kó òdòdó sí i, ó gbé e sójú fèrèsé tirẹ̀ ní Schöneberg.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Hàfúsátù ti rí i lọ́jọ́ tí Mọ̀ríámọ̀ kó ọmọ jáde. Ó da òdòdó inú rẹ̀ nù.

"Irú èyí kì í ṣe ohun ìyàwó," ló wí. "Ohun ìdílé ni."

Mọ̀ríámọ̀ sọ fún un pé ẹni tó ni ín ní kì í ṣe fún oúnjẹ. "Ìwọ lo ò fẹ́ kí n fi jẹun," Àǹtí Hàfúsátù dá a lóhùn. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó di Hamburg. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún, kò sí ìpàdé àsàlátù, tí àwo yẹn kì í jókòó láàárín tábìlì rẹ̀ bí ọba. Òun nìkan ló ń da ọbẹ̀ láti inú rẹ̀. Tí ọbẹ̀ bá tán, á fi ìka nu ẹnu àwo náà yí po, á lá ìka ọ̀hún, á wá ní, "Bádárù ló rà á fún mi."

Gbogbo ìyẹn ni Mọ̀ríámọ̀ ti gbé mì. Ti àárọ̀ ọjọ́ ọdún yìí ni kò ṣeé gbé mì: Àǹtí Hàfúsátù ní òun á kó àwo náà mọ́ ẹrù tó ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó, kó lè lọ máa gbé ilé bàbá wọn l'Abẹ́òkúta. Bí Mọ̀ríámọ̀ ṣe ní "Tèmi ni" lójú gbogbo èèyàn ni ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀ olè.

"Bí kì í bá ṣe owó àbúrò mi ló rà á," Àǹtí Hàfúsátù ń bá a lọ, ó na ìka tí ọbẹ̀ wà lára rẹ̀ sí i, "báwo ló ṣe dọ́wọ́ rẹ? Ohun tí ọba fi ń jẹun nìyí. Ta ló máa gbé ohun ọba fún ẹni tó ń nu ìdí arúgbó?"

Àlájà Ṣẹ̀fíátù, akọ̀wé àsàlátù, rọra gbé egungun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí obìnrin yìí bá gbọ́ ní Hamburg láàárọ̀, wọ́n á ti sọ ọ́ sú ní Bremen kílẹ̀ tó ṣú. Mọ̀ríámọ̀ rí bó ṣe ń tẹ́tí. Ó mọ̀ pé bí òun bá padà sí Berlin báyìí, olè lorúkọ òun, kò sì sí ọṣẹ tó máa fọ̀ ọ́ mọ́.

Ó dìde, ó da ọbẹ̀ padà sínú ìkòkò, ó sì yí ìdí àwo náà sókè. Àmì búlúù kékeré kan wà níbẹ̀.

"Àǹtí mi, àmì yìí wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan ní Berlin. Wọ́n ti ń ṣe tánganran níbẹ̀ látìgbà tí wọ́n ṣì ń jọba, wọ́n sì kó àwọn àtijọ́ sí mùsíọ́mù nínú ọgbà kan náà. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá àwọn tó ṣe é. Bí wọ́n bá ní àwo oúnjẹ ọba ni, èmi fúnra mi á dìde nínú àsàlátù, màá ní mo jalè, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa fẹnu ara yín sọ pé wọ́n fún mi ni."

"Àlájà Ṣẹ̀fíátù á tẹ̀ lé wa," Àǹtí Hàfúsátù wí. "Àwọn ló máa ṣe ẹlẹ́rìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wọn dání. Àwọn gan-an ni mo fẹ́."

Bádárù yíjú kúrò níbi tẹlifíṣọ̀n. "Ṣé a ò kúkú lè…"

"Dákẹ́," ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n pa á lẹ́nu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ fẹnu kò sí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, Àǹtí Hàfúsátù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Berlin pẹ̀lú léèsì àti góòlù, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi joyè. Àlájà Ṣẹ̀fíátù ń tẹ̀ lé e. Mọ̀ríámọ̀ ti mú ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ wọ̀, èyí tó fi ń nu ìdí arúgbó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wọ̀ ọ́ ni. Ó gba àwo náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e sínú àpò ọwọ́ rẹ̀.

Ní ilé iṣẹ́ tánganran náà, obìnrin òyìnbó kan ló ń mú àwọn àlejò káàkiri. Ní yàrá àkọ́kọ́, ọkùnrin kan ń da amọ̀ funfun tó ṣàn bí ògì sínú mọ́ọ̀dù. Ní yàrá kejì, àwọn obìnrin tẹrí mọ́ tábìlì, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì tínńtín kun ewé sára ife. Ẹni tó bá fẹ́ kun ewé kan á kọ́kọ́ sé èémí. Àǹtí Hàfúsátù fi ìgbọ̀nwọ́ gún Àlájà.

"Ẹ wo iṣẹ́. Ọba ni wọ́n ń dárúkọ láti àárọ̀, àbí etí mi ń tàn mí?"

Lẹ́nu ààrò, bàbá kan ń fi igi kékeré lu àwọn ife tó ti tutù, ó ń gbọ́ ohùn wọn. Èyí tó bá dún gooro, á gbé e sí ọ̀tún. Èyí tó bá dún pọ̀, tó ti sán nínú, á fọ́ ọ sínú agbada. Ọ̀kan fọ́, Àlájà fò sókè. Mọ̀ríámọ̀ dúró, ó ń wo ọwọ́ bàbá náà. Kí wọ́n lu èmi náà wò bóyá mo sán, ó sọ nínú ara rẹ̀. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wá nìyẹn.

Nínú mùsíọ́mù, Àǹtí Hàfúsátù ló kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn gíláàsì, ní kọ̀rọ̀ kan, ìbejì àwo náà jókòó: ọwọ́ kan náà, ẹnu kan náà, pupa ni òdòdó tirẹ̀.

"Òun rèé," ló wí. Ó fúnra rẹ̀ pe òyìnbó, ó já àwo gbà nínú àpò ọwọ́ Mọ̀ríámọ̀, ó gbé e sókè. "König? Essen?" Ọba, oúnjẹ, ló ń bi í.

Òyìnbó wò ó, ojú rẹ̀ là, ó ní ó dára, ó ti pẹ́ gan-an. Ó wá ní àwọn obìnrin pàtàkì ló ń lò ó.

"Ẹ gbọ́, Àlájà? Obìnrin pàtàkì. Ayaba nìyẹn. Ìyàwó, máa túmọ̀ lọ, má fo ìkankan."

"Ó ní aṣọ àwọn obìnrin náà máa ń fẹ̀ gan-an," Mọ̀ríámọ̀ wí.

"Aṣọ olówó."

"Ó ní wọ́n á jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwàásù ò ní tán bọ̀rọ̀."

"Ebi á ti máa pa wọ́n."

"Ó ní ìránṣẹ́ wọn á gbé e fún wọn, wọ́n á tì í bọ abẹ́ aṣọ."

"Káwọn èèyàn má baà rí i pé wọ́n ń jẹun," Àǹtí Hàfúsátù wí, ó mi orí sí Àlájà.

Òyìnbó ń mi orí tirẹ̀, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ orúnkún, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan. Mọ̀ríámọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀ kíá. Ẹ̀rín Frau Lindner ló ń gbọ́, àti ikọ́ tó tẹ̀ lé e.

"Kí ló wí?"

"Ó ní póò ni, Àǹtí mi. Póò ìtọ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣì í mú, tí wọ́n ń fi bu ọbẹ̀."

Àlájà Ṣẹ̀fíátù gbá inú rẹ̀ mú. "Láti Iléyá ìdúnta la ti ń jẹ nínú rẹ̀," ló wí. Ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Hàfúsátù. Ìwọ lo máa ń fi ìka nù ún."

Àǹtí Hàfúsátù ṣì gbé àwo náà sókè. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́.

"Ó ku tiyín, Àǹtí mi," Mọ̀ríámọ̀ wí.

"Wọ́n fún un ni."

"Àlájà ò gbọ́."

"Wọ́n fún un ni. Kò jí i."

Mọ̀ríámọ̀ tẹ́wọ́ gba àwo rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó há a sábíyá. Àlájà ti ń sáré wá omi tó máa fi yọ ẹnu. Àǹtí Hàfúsátù sún mọ́ ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Àlájà. Ẹ má jẹ́ kó dé Hamburg. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni."

"Ẹ ṣì ń fi ilé kún un, Àǹtí mi," Mọ̀ríámọ̀ wí. "Ọ̀rọ̀ ìdí ni."